Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu ọ̀nà marae

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé àwọn sísítà, tí ẹ sì ti ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa rán yín lọ sókè òkun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní New Zealand, ilẹ̀ tí àwọn Māori tó ni ín ń pè ní Aotearoa.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀ ni wọ́n mú wa lọ sí marae, agbo ilé àpapọ̀ wọn. Bí mo ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí, mo kọrí sí ẹnu ọ̀nà, mo fẹ́ lọ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Sísítà àgbà kan rọra di apá mi mú. "Dúró. Wọn ò tíì pè wá." A dúró nínú oòrùn. Ó ṣe díẹ̀, ohùn obìnrin kan ta láti iwájú ilé, ohùn gígùn tó ń gbọ̀n. Karanga ni wọ́n ń pè é. Ó ń kí wa, ó sì ń kí àwọn òkú wa tó bá wa wá. Obìnrin kan láàárín wa dá a lóhùn, ìgbà yẹn la tó gbé ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó kàn mí láti sọ ẹni tí mo jẹ́, mo dárúkọ, mo ka ìwé tí mo kà àti iṣẹ́ tí wọ́n rán mi wá ṣe. Ìyá àgbà kan wò mí. "Òkè wo ni tìrẹ? Odò wo?" Mi ò rí èsì. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, tí wọ́n fi oríkì rẹ̀ mí dàgbà! Nígbà tí a padà lọ, mo ní Olúmọ ni òkè mi, Ògùn ni odò mi. Ìyá náà sún fún mi lórí àga, mo jókòó tì í.

Àwọn sísítà tí mo bá gbé ti pinnu pé àwọn àti Māori yóò jọ máa ṣe nǹkan gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́gbẹ́, kí àṣà méjèèjì dúró ṣinṣin. Mo rò pé orin Māori nínú Máàsì ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti àṣẹ ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1840, ní Waitangi, àwọn ìjòyè Māori àti aṣojú ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí àdéhùn kan tí wọ́n kọ ní èdè méjì; Bíṣọ́ọ̀bù Pompallier ti Ìjọ Àgùdà wà níbẹ̀. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ìjòyè ti gbé gbogbo àṣẹ fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ti Māori, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìjòyè tó lé ní 500 fọwọ́ sí, ní kāwanatanga, ìṣàkóso lásán, ni wọ́n fún un. Tino rangatiratanga, àṣẹ lórí ilẹ̀ àti ohun iyebíye wọn, ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di 1863, ìjọba ti ṣe òfin tí wọ́n fi gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Wọ́n na ọmọ nílé ìwé torí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. 1987 ni èdè náà tó di èdè ìjọba.

Nítorí náà, tí àwọn sísítà bá fẹ́ ta ilé kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ta ló ni ilẹ̀ yìí kó tó di tiwa? Ta ló yẹ ká lọ bá? Ìpàdé á gùn, wọ́n á tún un sọ lóṣù tó ń bọ̀. Inú máa ń bí mi, torí mo fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Àṣé ìjókòó yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà.

Kì í ṣe òní ni irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Suzanne Aubert, ọmọ Faransé tó wá di sísítà, dé ìlú Auckland níbẹ̀ ní ìparí 1860. Peata, sísítà Māori ti ẹ̀yà Ngāpuhi, ló kọ́ ọ ní èdè àti àṣà. Ní 1883 ó lọ sí Hiruhārama létí odò Whanganui, níbi tó ti dá ẹgbẹ́ sísítà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1892. Àwọn Māori fún un lórúkọ, Meri Hōhepa. Ewé àti egbò inú igbó wọn ló sì fi ń po oògùn. Gbogbo ayé ló ń dárúkọ Aubert. Ó dùn mí pé ẹnu wa kì í sábà dé ọ̀dọ̀ Peata, ẹni tó jókòó ti àlejò, tó ń tún ahọ́n rẹ̀ ṣe.

Tí wọ́n bá rán ẹnikẹ́ni nínú yín lọ, kó wá bá mi kó tó di ẹrù. A ó jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ odò Whanganui yẹn.