Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi kun ilẹ̀ inú ọkọ̀ Ìjàpá bàbá mi

Ọkọ̀ Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Èkó tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, kí n tó rí owó àti àyè láti tún un ṣe. Nígbà tí a tú àga àti kápẹ́ẹ̀tì kúrò, a bá ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Ìjàpá dáadáa ti máa ń retí: abẹ́ àga ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí bátìrì máa ń wà, ti di ajere. Ásíìdì bátìrì ti jẹ irin ibẹ̀ débi pé mo ń rí koríko láti inú ọkọ̀.

Wẹ́dà kan ní Agodi Gate gé ìdajì ilẹ̀ ọkọ̀ náà kúrò, ó sì jó páànù tuntun mọ́ òpó gbọọrọ tí ó la ọkọ̀ náà láàárín. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà tí ó tẹ̀ lé e ni ó fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti pẹ́ńtà mi, nítorí pé nígbà tí mo ní búrọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ fi kun ilẹ̀ náà, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ kì í ṣe géètì o.”

Mo mọ ohun tí ó ń rò. Gọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà, ni iyì pẹ́ńtà, ara ọkọ̀ tí ó ń dán lóòrùn sì ni ó ń bá a wá oníbàárà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí a fi sí ara ọkọ̀ níta àti èyí tí a fi sí ilẹ̀ inú rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kan náà. Ti ìta wà fún ojú. Ti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì wà láti dènà omi àti ìpẹtà, kò sí ẹni tí yóò wò ó. Bí ìrì ni ọ̀dà inú gọ́ọ̀nù ṣe ń bọ́, ibi tí ó bá dojú kọ ọ́ ni ó ń bà lé, atẹ́gùn tí ó gbé e wá a sì máa ta á padà kúrò nínú kọ́lọ́fín, níbi tí páànù méjì ti pàdé, tí ó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Irun búrọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀ ń ti ọ̀dà wọlé ni. Yàtọ̀ sí èyí, kò béèrè kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí ń fún gọ́ọ̀nù ní atẹ́gùn, kò béèrè iná mànàmáná, kò sì ní ta ọ̀dà sí ara aṣọ tí àwọn ará ilé sá sórí okùn.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha apá òsì tí a kò gé, mo fi oògùn ìpẹtà tí ó ní ásíìdì fọsfọ́ríìkì pa á, mo fọ̀ ọ́, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo fi tínà nù ún títí aṣọ funfun tí mo ń lò kò fi mú ìdọ̀tí kankan mọ́. Red oxide, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ń dènà ìpẹtà, ni mo kọ́kọ́ fi kùn ún. Mo gé irun búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan kù díẹ̀ kí ó lè le, mo sì ń fi í gún ọ̀dà wọ inú gbogbo ojú ìsopọ̀ kí n tó fi èyí tí ó tóbi kun ibi gbalasa. Mo fi síílà dí àwọn ojú ìsopọ̀ náà, mo wá fi ọ̀dà olóòróró bò ó, nítorí pé red oxide nìkan kò lè dènà ọ̀rinrin fún ìgbà pípẹ́.

Ìkánjú ni ó kó bá mi níbẹ̀. Oṣù Keje ni, òjò ń bọ̀ lójoojúmọ́, mo sì da ọ̀dà púpọ̀ sí igun kan kí ìpele kan ṣoṣo lè tó. Lọ́jọ́ kẹta mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì hunjọ: ó rí bí ògì tí ojú rẹ̀ ti dì nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbóná. Mo ha gbogbo rẹ̀ dànù. Ìpele méjì fẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ kan gbáko láàárín wọn, ni ó yanjú rẹ̀. Ipa búrọ́ọ̀ṣì kò fi bẹ́ẹ̀ hàn pàápàá, nítorí pé ọ̀dà olóòróró kì í tètè gbẹ, ó sì máa ń ráyè tẹ́jú fúnra rẹ̀.

Àwọn ibi kan wà tí n kò jẹ́ kí ọ̀dà bò mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára òpó àárín lábẹ́ àga ẹ̀yìn ni àkọ́kọ́, torí bí ọ̀dà bá dí i, kí ni n ó fi han àwọn tí ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò? Mo fi téèpù bò ó nígbà tí mo ń kùn, lẹ́yìn náà mo ṣí i, mo sì fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún kí nọ́ńbà náà ṣì lè hàn. Ibi tí wáyà bátìrì ti kan irin náà gbọ́dọ̀ wà níhòòhò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná kò ní já geere. Gíríìsì ni mo fi pa á lẹ́yìn tí mo ti de bóòtù rẹ̀.

Mo gbà fún pẹ́ńtà pé gọ́ọ̀nù ni ó yẹ ara ọkọ̀ níta, òun náà ni ó sì kùn ún. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́, pé kí ó fi ìwé ìròyìn bo ilẹ̀ inú dáadáa, nítorí pé tínà líle tí wọ́n fi ń po ọ̀dà gọ́ọ̀nù máa ń bó ọ̀dà olóòróró. Ó bò ó. Kápẹ́ẹ̀tì ti wà lórí rẹ̀ báyìí, mo sì ń ká a sókè lẹ́yìn òjò ńlá láti fọwọ́ kan àwọn ojú ìsopọ̀ náà. Wọ́n ṣì gbẹ. Pẹ́ńtà kò tíì yí ohùn padà ní tirẹ̀. Bí a bá pàdé, kó tó béèrè àlàáfíà ọkọ̀, á kọ́kọ́ béèrè pé báwo ni géètì mi.