Ìwé ilẹ̀ ló ń ṣáájú katapílà: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé káńsù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde, ẹ̀ka ilẹ̀ àti ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹ kú oríire. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dá ẹjọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ariwo ohun tí a ó fi owó náà ṣe ti gba gbogbo káńsù kan. Mo ń rí àwọn àbá iṣẹ́ tí ẹ ń kọ. Ẹ mọ ìṣirò, ẹ sì mọ kọ̀ǹpútà jù wá lọ. Àmọ́ àṣìṣe tí àwọn tó ṣáájú yín ṣe ló tún kún inú rẹ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí àwọn ọmọ iléèwé ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Mi ò ní kọ́ yín ní ohun tí ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ̀ pé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti ka iṣẹ́ wa sílẹ̀ nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀: ojú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú pópó, ọjà, itẹ́ òkú, àti ìpín tiwa nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ọ̀nà tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹ mọ ti ìpínlẹ̀, ẹ mọ tiwa. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ mọ owó tó jẹ́ tiyín kí ẹ tó ṣèlérí kíláàsì fún ẹnikẹ́ni. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004 ya 2% sọ́tọ̀ nínú àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ gbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìpín tirẹ̀ wá. Ọ̀dọ̀ SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ni owó yẹn ń gbà, kì í gba ọ̀dọ̀ akápò wa kọjá. Ẹ má fi í sínú àbá ìṣúná káńsù bí ẹni pé ó ti wà nílẹ̀. Bí káńsù bá fẹ́ fi owó tirẹ̀ kọ́ kíláàsì mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ SUBEB pé olùkọ́ yóò wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 35 sí olùkọ́ kan ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè fi lélẹ̀ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kíláàsì mẹ́ta jẹ́ ọmọ 105. Bí ọmọ méjì bá ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, bẹ́ǹṣì 18 ni kíláàsì kọ̀ọ̀kan nílò, 54 ni gbogbo rẹ̀, láìka tábìlì olùkọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kọ iye búlọ́ọ̀kù àti páànù ni kí ẹ kọ bẹ́ǹṣì náà. Kíláàsì tí kò ní bẹ́ǹṣì kì í pẹ́ di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn.

Ẹ̀kọ́ kejì: àsìkò. Ẹ má jẹ́ kí gíréédà wọ ọ̀nà erùpẹ̀ pupa ní ìparí oṣù Kẹta nítorí pé owó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Òjò oṣù Kẹrin yóò gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ló dára. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ti gbẹ nígbà náà, bí wọn kò bá sì bu omi sí i, rólà kò ní lè kì í mọ́lẹ̀. Kí tánkà omi ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé iye owó iṣẹ́. Ìpele kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lẹ́yìn tí rólà bá ti tẹ̀ ẹ́. Bí agbaṣẹ́ṣe bá da erùpẹ̀ ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òkè nìkan ni yóò le, abẹ́ rẹ̀ yóò máa rì. Kí àárín ọ̀nà sì ga ju etí rẹ̀ lọ. Lórí ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 6, kí àárín fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju etí, kí omi má bàa rí ibi dúró sí.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ilẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà kìlómítà 3 kan tó já sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé. Irú rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá débi pé ẹni tó bá ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí yóò rò pé káńsù tòun ni mò ń bá wí. Alága lọ kí àwọn ará abúlé, baálẹ̀ dìde, ó ní ilẹ̀ kò ní dá iṣẹ́ dúró. Òṣìṣẹ́ wa kọ gbólóhùn yẹn sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, ó sì kà á sí àdéhùn. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá baálẹ̀ ló ni ilẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí ni, oko kòkó àti ti iṣu ló sì wà lórí rẹ̀.

Àwọn awọnlẹ̀ dé, wọ́n wọn mítà 6, nítorí ojú ọ̀nà mítà 6 ló wà nínú ìwé. Mítà 6 lọ́nà 3,000 jẹ́ hẹ́kítà 1.8. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í ṣe ibi tí táyà ń tẹ̀ nìkan. Èjìká rẹ̀ gba mítà kan àbọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, gọ́tà gba mítà kan lọ́tùn-ún àti lósì. Mítà 11 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn hẹ́kítà 3.3. Hẹ́kítà kan àbọ̀ ni káńsù fẹ́ wọ̀ láìsọ fún ẹni tó ni ín. Inú hẹ́kítà kan àbọ̀ yẹn ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Katapílà wọlé láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Kòkó wó, obì wó, a kò tíì ka igi kan. Nígbà tó yá, olóko ní igi òun lé ní 200, òṣìṣẹ́ wa ní kò tó 60, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí hàn, torí igi ti di igi ìdáná. Bí ilé-ẹjọ́ bá gbọ́ ọ, ta ni yóò gbàgbọ́? Àwa tí a gé e láìkà á kọ́.

Omi ló wá parí rẹ̀. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò lè ru omi kìlómítà 3 láti òkè dé ìsàlẹ̀. A gbọ́dọ̀ máa dá ẹnu sí i lára ní ibi púpọ̀, kí omi lè yà sínú igbó kí agbára rẹ̀ tó pọ̀ jù, bí ilẹ̀ bá sì ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó ni ẹnu wọ̀nyẹn ṣe gbọ́dọ̀ súnmọ́ra tó. Inú oko ẹlòmíràn ni ẹnu kọ̀ọ̀kan ń kọjú sí. Kò sí ìkankan nínú wọn lórí àwòrán, kò sí orúkọ olóko nínú ìwé. Ní kòtò ìsàlẹ̀, kọ́fáàtì (ríìngì kọnkéré tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà) tí wọ́n ri síbẹ̀ jẹ́ mìlímítà 600 ní fífẹ̀, nítorí ó dínwó. Ewé, ọ̀rá piọ́wọ́tà àti igi ẹ̀gẹ́ dí i. Èèyàn kò lè wọ inú rẹ̀ kó o. Bó bá jẹ́ 900 ni, ọkùnrin kan pẹ̀lú ṣọ́bìrì lè wọ̀ ọ́.

Olóko tí omi gbá ebè iṣu rẹ̀ lọ dá erùpẹ̀ dí ẹnu gọ́tà. Ẹ má pè é ní èèyàn burúkú. Ẹnikẹ́ni kò bi í, ẹnikẹ́ni kò san nǹkan kan fún un, ebè rẹ̀ sì ni oúnjẹ ọdún fún ilé rẹ̀. Omi padà sójú ọ̀nà, ó là á sí méjì, erùpẹ̀ orí kọ́fáàtì lọ, ríìngì wà lófuurufú. Lọ́rì sìmẹ́ǹtì tó ń lọ sí iléèwé dúró lẹ́bàá ibẹ̀, kò lè kọjá. Kíláàsì tí wọ́n ti gbé dé òkè fèrèsé wà láìlórùlé. Ẹbí tó ni ilẹ̀ gba àṣẹ ìdádúró ní kóòtù. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá pé, owó tí a kò ná nínú ìṣúná ọdún náà kú, káńsù tó ń bọ̀ sì ní iṣẹ́ alága mìíràn nìyẹn. Olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ kò lè dé iléèwé lójò. Àwọn ọmọ tí a torí wọn bẹ̀rẹ̀ padà sábẹ́ igi.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé nínú gbogbo káńsù tí èyí ti ṣẹlẹ̀, a máa ń rí òṣìṣẹ́ kan tó ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n ka igi, kí wọ́n kọ ìwé. Ọ̀tá ìlọsíwájú ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbé e lọ sí ibi tí kò ti ní rí fáìlì mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ gbà á, kí ẹ sì tún kọ ìmọ̀ràn yín sínú fáìlì pẹ̀lú déètì. Fọ́tò alága níwájú katapílà kì í ṣe ìdí tó tó láti gba oko lọ́wọ́ arúgbó. Agbára tí òfin fún wa lórí ilẹ̀, agbára ìtọ́jú ni. A kò fi jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ẹ ka òfin fúnra yín. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ tí kò sí nínú ìlú ńlá sábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n gómìnà ló ń kéde ibi tó jẹ́ ìlú ńlá. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ wo ìkéde yẹn, nítorí abúlé àtijọ́ lè ti wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ fún charting, ìyẹn kí wọ́n fi í wé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìjọba, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Abala 6 fún káńsù láyè láti lo ilẹ̀ ìgbèríko fún ìlò gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n abala náà gan-an ló ní kí a san owó gbà-má-bìínú lórí ohun tó wà lórí ilẹ̀. Bí oko bá ni, ó tún ní kí káńsù fún olóko ní ilẹ̀ mìíràn tí yóò máa dá oko sí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí, òṣìṣẹ́ púpọ̀ kò kà á dé ibẹ̀. Bí káńsù bá sì kọ̀ láti san án, gómìnà lè ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀, kó sì pàṣẹ kí káńsù san án.

Ẹ sọ òótọ́ fún ẹbí láti ọjọ́ àkọ́kọ́: ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni òfin ń san owó lé lórí, kì í san iye tí wọ́n lè ta ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà. Yóò dùn wọ́n, ó sì yẹ kó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín ju kí wọ́n gbọ́ ọ ní kóòtù. Bí ẹbí bá fẹ́ fi ilẹ̀ ta káńsù lọ́rẹ, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ni kí ẹ jọ bá fọwọ́ sí ìwé. Bí olórí ẹbí bá dá fọwọ́ sí ìwé ọrẹ náà, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí àwọn yòókù bá fọwọ́ sí i láìsí olórí ẹbí, kò sí ohun tí ẹ gbà rárá. Nílẹ̀ Ìbàdàn, ẹ wá mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo ilé.

Kíka igi ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ kọ déètì tí awọnlẹ̀ ri òpó, nítorí àwọn kan á lọ gbin kòkó tuntun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ka igi pẹ̀lú olóko níbẹ̀. Ẹ ya igi tó ń so sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kéré, nítorí owó wọn kò dọ́gba nínú ìwé iye owó ìpínlẹ̀. Kí olóko fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ fún un ní ẹ̀dà kan. Àwọn ẹnu gọ́tà gbọ́dọ̀ wà lórí àwòrán, kí orúkọ olóko tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí sì wà níwájú rẹ̀. Àyàfi tí owó bá ti dé ọwọ́ olóko tó kẹ́yìn ni kí ẹ fọwọ́ sí ìwé tó ní kí katapílà gbéra.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má tètè dá ìpín owó iṣẹ́ tí a dì mú padà fún agbaṣẹ́ṣe. Ẹ jẹ́ kí òjò kan, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, rọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ẹ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà nínú òjò, ẹ dúró ní ẹnu gọ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olóko rẹ̀. Bó bá ní omi ń wọ ebè òun, ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí agbaṣẹ́ṣe padà wá tún un ṣe kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé owó tó kù.