Bí ewúrẹ́ Àǹtí mi ṣe jẹ owó ọkọ̀ mi l'Óṣogbo

Ọ̀nà ò ní wàhálà kankan, ká fi yẹn sílẹ̀. Èrò mi ni pé tí mo bá ti sọ̀ ní Ọláìyá, mo máa gbé ẹrù sílé Àǹtí mi, kí n wá sáré lọ sí Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bí ogún àgbáyé ní 2005 yẹn. Àfi bí mo ṣe dé tí mo bá Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lórí, wọ́n ní wolé-wolé ti kó ewúrẹ́ àwọn lọ.

Ewúrẹ́ tó so aṣọ pupa mọ́rùn, tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tó jẹ́ èèpo iṣu nìkan ló ń wá kiri!

Ibi tí wọ́n kó ẹran sí yẹn, áà. Páànù ni wọ́n fi yí i ká, kò síbòji, mi ò rí abọ́ omi kankan, àgùntàn ń ké, òbúkọ ń kan ara wọn. Ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ ní ₦15,000. Owó ìtanràn ₦7,000, owó oúnjẹ ₦5,000, owó ìṣọ́ ₦3,000. Oúnjẹ wo? Ewé kan ò sí nílẹ̀! Àǹtí ń bẹ̀ ẹ́, "ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá mi, ẹ ṣàánú mi," kò dáhùn. Mo ní kó já rìsíìtì fún wa, ojú ẹ̀ yí padà, ló bá di ₦8,000.

Bó ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri, mo fi fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn òyìnbó náà ní irú ọgbà ẹran báyìí láyé àtijọ́, òkúta ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, pinfold lorúkọ ẹ̀ lápá àríwá, gúúsù ń pè é ní pound. Ẹni tí wọ́n ń pè ní pinder ló ń ṣọ́ ọ, kò sì ní tú ẹran sílẹ̀ láìgbowó. Tó o bá já ọgbà yẹn kó o fi kó ẹran ara ẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin nígbà yẹn. Àwọn kan ti di ọgbà òdòdó báyìí.

Àǹtí ní, "Àṣé òyìnbó náà ń bẹ wolé-wolé!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹran l'Óṣogbo, ẹ so ó mọ́lẹ̀ o. Tí wọ́n bá sì mú un, ẹ bèèrè rìsíìtì kẹ́ ẹ tó kúnlẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun dọjọ́ mìíì, torí nígbà tá a máa padà sílé, oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá tún gba ₦500 lórí ewúrẹ́, ó ní èrò lòun náà, ṣebí ó gbàyè.