Ẹ Bá Ẹni Yín Gba NIN Kó Tó Kúrò Lẹ́wọ̀n

Bí ẹ bá ní ẹni tí wọ́n tì mọ́ Abólóńgò níbí l'Ọ̀yọ́, tàbí Agodi n'Ìbàdàn, ẹ bi í léèrè NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, nígbà tí ẹ bá lọ wò ó. Gààrí àti ọṣẹ tí à ń gbé lọ dára, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá jáde, ìwé ni gbogbo ayé máa bi í.

Ara ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti kọ́ èyí. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe kí ọ̀ràn tó dé. Nígbà tí adájọ́ dá a sílẹ̀, a dúpẹ́, ẹbí dáwó fún un. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Sìímù tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á. Bó bá tún pẹ́ sí i, wọ́n á fún ẹlòmíì. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀, obìnrin kan ló gbé e, Kàdúná ló wà, kò mọ̀ wá rí. Kó ra sìímù mìíràn ńkọ́? NIN. Kó ṣí àkáǹtì? NIN. Ọ̀gá wẹ́dà kan ní Owódé gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n inú àkáǹtì ló ń sanwó sí. Àkáǹtì ẹlòmíì ni ọmọ náà fi ń gba owó òógùn ojú rẹ̀, ẹni yẹn sì ń yọ tirẹ̀ kó tó fún un.

Orúkọ gan-an ló dá wa dúró jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, orúkọ mìíràn ló sọ ní tọ́lọ́pàá, kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́. Orúkọ yẹn ló tẹ̀lé e dé kọ́ọ̀tù, òun ló wà lórí ìwé ìdásílẹ̀. Lẹ́tà ọmọ ìlú láti ìjọba ìbílẹ̀ ń pè é ní nǹkan mìíràn. Àfi ìgbà tó búra ní kọ́ọ̀tù pé ẹnìkan náà ló ń jẹ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìtìjú. Ẹ tètè bi ẹni yín.

Àwọn kan á ní kí ni ká tún náwó lé ẹlẹ́wọ̀n lórí fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ NIN àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìka sì ṣeé gbé wọ inú ọgbà. Ní 2024, ìjọba sọ owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan di ₦1,125 lójúmọ́, láti orí ₦750. Ẹni tí kò rí ọ̀nà jẹun tó sì padà síbẹ̀ fún ọdún kan, oúnjẹ rẹ̀ nìkan lé ní ₦410,000, láìka owó oṣù wọ́dà àti epo ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Àpò gbogbo wa ló ti ń jáde. Ẹ sì rántí òru October 22, 2021, tí àwọn agbébọn ya wọ Abólóńgò, tí ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní ẹgbẹ̀rin sá lọ. Ẹni tí ìka rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ló rọrùn láti dá mọ̀. Òfin 2019 tó yí orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà sọ pé iṣẹ́ wọn ni láti mú ẹlẹ́wọ̀n padà sáàárín àwùjọ. Ta ló lè padà sáàárín àwùjọ láìní nọ́ńbà?

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá wẹ́fíà ọgbà, ẹni tó ń bójú tó àlàáfíà ẹlẹ́wọ̀n, ni kí ẹ lọ. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí ẹni yín dání àti lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ bi ẹni yín bóyá ó ti ṣe NIN rí, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe é, ìka rẹ̀ á sì tú àṣírí. Ẹ má fojú dá ọjọ́ ìbí. Àtúnṣe rẹ̀ ti di ₦28,574 ní 2025. Nọ́ńbà ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí kì í pa fóònù ni kí ẹ fi sí i.

Ẹ má sì dúró de ọjọ́ ìdásílẹ̀. Àwọn tó ń retí ìdájọ́ ló pọ̀ jù nínú ọgbà, àwọn wọ̀nyẹn ò sì ní ọjọ́ kan pàtó: àárọ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, ọ̀sán ni adájọ́ máa ní kó máa lọ ilé.