Ìyá oníkọ́ lẹ́nu ọ̀nà

Ọ̀rẹ́ Màámi kan láti Ẹ̀pẹ́ níbí wá kí àbúrò mi kú ewu lánàá. Láti géètì la ti ń gbọ́ ikọ́ wọn. Mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, Mà, ẹ ò ní lè wọlé." Wọ́n fajú ro. "Ṣebí ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́ kòrónà?"

Ó gbà á lóòótọ́. Àmọ́ kí àwọn dókítà tó fi mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíì sí i lára nítorí fòníkú-fọ̀ladìde, oògùn líle ni wọ́n fi pa tiẹ̀ run, ààbò abẹ́rẹ́ àtẹ̀yìnwá sì lè bá a lọ. Àní abẹ́rẹ́ ìkókó pàápàá, àtúngbà ni! Ti kòrónà, ó di bí oṣù 3 lẹ́yìn iṣẹ́ náà kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ikọ́ tí èmi á fi àgbo lé lọ lè dá a dùbúlẹ̀, kí kòkòrò náà sì pẹ́ lára rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa ará ilé fi lọ gba abẹ́rẹ́ tiwa.

Àga ni mo gbé fún wọn síta. Àbúrò mi fi ìbòmú bo imú, ó kí wọn lójú fèrèsé, wọ́n sì gbàdúrà (ó gùn o, ẹ̀yin ènìyàn mi).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ pè mí ná.