Lẹ́tà méje, fáwẹ́lì kan ò sí

Alẹ́ Sátidé, Ìgbógbó, Ìkòròdú.

Òjò ò jẹ́ ká jáde lónìí, iná ò sì sí, la bá gbé Scrabble, ayò tí wọ́n ti ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi àti ọmọ onílé wa tó wà ní poli. Kò pẹ́ tí mo fi kó N, M, P, H, T, R, C. Fáwẹ́lì kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Ọmọ yìí wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ dà á padà sápò jàre, kẹ́ ẹ mú òmíràn."

Mi ò dà á padà. Ẹni tó bá pààrọ̀ lẹ́tà ti fi ìgbà tiẹ̀ tọrẹ nìyẹn, kò ní máàkì kankan, ẹnì kejì á sì tún ta tiẹ̀. Ta ló tiẹ̀ sọ pé fáwẹ́lì ló máa bọ́ síni lọ́wọ́? Nínú 100 tó wà nínú àpò, fáwẹ́lì ò ju 42 lọ. Kọ́ńsónáǹtì jẹ́ 56, tá a bá ka Y méjèèjì mọ́ wọn, òfìfo tí wọn ò kọ lẹ́tà sí sì ni 2 tó kù.

Etí wa ló ń dẹ́rù bà wá, lójú tèmi. Tíṣà Yorùbá wa nígbà náà kì í yé sọ pé èdè wa ò ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, gb pàápàá, lẹ́tà kan ni. Bá a bá ti rí M, P, H tí wọ́n jókòó ti ara wọn, ọwọ́ wa á ti máa wá fáwẹ́lì tá a máa kì bọ̀ ọ́, bá a ṣe kì í bọ búrẹ́dì. Gẹ̀ẹ́sì ò bìkítà. Y ni kéèyàn kọ́kọ́ wá, torí ó máa ń ṣiṣẹ́ fáwẹ́lì: CRYPT, MYRRH, GLYPH, RHYTHM.

Ọmọ yìí ti ta BODY, òkè àti ìsàlẹ̀ Y ibẹ̀ sì ṣófo. Mo fi N sókè, mo to M, P, H sísàlẹ̀: NYMPH. Máàkì 15 ni, àmọ́ H bọ́ sójú ilé tó ń sọ máàkì odindi ọ̀rọ̀ di ìlọ́po méjì. 30! Ẹ̀rín dá.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ló tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù: C, R, T, àwọn tó ń bá fáwẹ́lì èyíkéyìí rẹ́. Ká ní T àti R ni mo lò, tí mo wá dá M, P, H sí, inú wàhálà kan náà ni ǹ bá wà. Mo mú mẹ́rin lápò, A, A, I, G, mo sì ta CIGAR.

Ọmọ yìí ní kí ni 30, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méje tó ń mú èèlé 50 wá lòun ń lé. Mo rán an létí Wellington Jighere, ọmọ ilẹ̀ wa tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Perth, Australia, lọ́dún 2015, tó na Lewis Mackay ará England 4-0 ní àṣekágbá. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Wọ́n gbé e nínú ìròyìn nígbà náà pé àwọn tiwa kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún.

Bí Y ò bá wá sí ńkọ́? Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kan wà tí èèyàn lè há sórí: NTH, PST, SHH, BRR, HMM. TSK náà wà, pòṣé lásán tí wọ́n kọ sílẹ̀, máàkì 7 gbáko! CWM àti CRWTH wá láti èdè Wales, níbi tí W ti ń ṣe fáwẹ́lì. Àfonífojì lèkíní, ohun èlò orin olókùn lèkejì.

Ọmọ yìí ní irọ́ ni CRWTH. Ó tan fóònù, ó wá a, ó bá a níbẹ̀. Ó wá ń bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń pè é. Mo ní kó ta tiẹ̀, ìgbà tiẹ̀ ló kàn.