Owó ìlú nínú pápá ìṣeré: ta ló ń jèrè rẹ̀?

Bí ẹgbẹ́ eré ìdárayá bá fẹ́ kí ìlú fowó kọ́ pápá ìṣeré, ìwé ìṣirò èrè tí wọ́n máa ń gbé síwájú ìjọba sábà máa ń ka gbogbo owó tí òǹwòran bá ná sí èrè tuntun. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ará ìlú tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ì bá ti ná owó yẹn ní sinimá tàbí ilé oúnjẹ. Àpò kan ló kúrò tó bọ́ sí òmíràn. Owó àlejò tó tìtorí eré wá nìkan ló yẹ kí a kà, kí a sì yọ èyí tó bá àwọn eléré àti olówó ẹgbẹ́ jáde nílùú.

Ẹ tún wo iye ọjọ́ tí pápá ń ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan nínú NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, máa ń gbá nǹkan bí eré 9 nílé ní sáà kan. Irú iṣẹ́ wo nìyẹn fún ẹni tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀?

Gbèsè ló burú jù. Wọ́n wó Kingdome, pápá ìṣeré kan ní Seattle ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2000. 2015 ni wọ́n tó san gbèsè rẹ̀ tán. Gbèsè pápá ìṣeré Montreal ní Kánádà, tí wọ́n kọ́ fún Òlíńpíìkì 1976, di 2006 kí wọ́n tó san án tán.

Kí ìlú tó fọwọ́ síwèé, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹgbẹ́ ni yóò san àlékún owó ìkọ́lé, kí ọdún àdéhùn tí ẹgbẹ́ fi máa lo pápá má kéré sí ọdún tí ìlú máa fi san gbèsè, kí ìlú sì ní ìpín nínú owó ibi ìgbọ́kọ̀sí àti owó tí iléeṣẹ́ bá san kí wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ pe pápá. Àtúnṣe òrùlé ńkọ́? Òun ni wọ́n máa ń gbàgbé.